Bí Mo Ṣe Sá Ẹrẹ̀ Òkun Bíi Gbodo

Ní Akpassi, ìlú wa lápá òkè Savalou, bí òjò bá rọ̀ tán, ńṣe ni a máa ń sá fún ẹrẹ̀. Ẹni tó gun alùpùpù á gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sókè, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn á ká ìró dé orúnkún, ìyá mi á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú korobá omi, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé ẹrẹ̀ wọ ilé rẹ̀. Ẹ wá bá mi rẹ́rìn-ín o: èmi ọmọ ìyá yìí kúrò ní Akpassi, mo lọ sí ilẹ̀ Faransé, iṣẹ́ tí wọ́n sì gbà mí sí níbẹ̀ ni pé kí n máa tọ́jú ẹrẹ̀.

Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ni. Ọkọ̀ ojú omi a máa lọ síbi tí òkun ti jìn, wọ́n á ti ọ̀pá ike gígùn wọnú ilẹ̀ tó wà lábẹ́ omi, wọ́n á sì fà á jáde pẹ̀lú ẹrẹ̀ tó kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ilé iṣẹ́ ìwádìí tí mo wà ní Brest, ìlú etíkun kan níhà ìwọ̀-oòrùn Faransé, ló ń kó àwọn ọ̀pá náà pamọ́. Inú fírígò kan tó tóbi ju ṣọ́ọ̀ṣì ìyá mi lọ ni wọ́n ń tò wọ́n sí, láti ilẹ̀ dé òkè àjà. Oṣù keje ni mo débẹ̀. Oòrùn ń ràn níta, àwọn ènìyàn wọ ṣòkòtò péńpé, èmi sì wọ kóòtù méjì lé ara wọn nínú fírígò, eyín mi ń gbá ara wọn, mo ń ka orúkọ tí wọ́n kọ sára ọ̀pá ẹrẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Màdámù Solange ni ọ̀gá wa. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, irun rẹ̀ funfun, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo pàdé rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì ṣe ohun tí wọ́n fi tọ́ mi: mo kúnlẹ̀ kí i. Màdámù wolẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ni òun náà bá kúnlẹ̀.

“Kí ló jábọ́ lọ́wọ́ rẹ?” ó béèrè, ó ń fọwọ́ pa ilẹ̀ kiri.

Ojú tì mí débi pé mi ò lè sọ pé mo ń kí i ni. Mo ní yẹtí mi ló sọnù. Àwa méjèèjì wá yẹtí tí kò sọnù fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, lórí eékún, títí Erwan fi dé tó béèrè bóyá àdúrà la ń gbà. Erwan ni àgbà ọkùnrin tó ń la àwọn ọ̀pá ẹrẹ̀, ó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún ìyá mi lórí fóònù, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀ mí pé kí n dákẹ́, pé ẹ̀gbẹ́ ti ń dun òun.

Lọ́wọ́ Erwan ni mo ti kọ́ iṣẹ́. Ó máa ń fi ayùn ya ike ọ̀pá lápá ọ̀tún àti lápá òsì, á fa wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gba àárín ẹrẹ̀ kọjá, ọ̀pá á sì là sí méjì. Ìdajì kan ni a ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Ìdajì kejì, a ó fi ọ̀rá wé e, a ó dá a padà sínú fírígò, a kì í sì tú u, nítorí bí èyí àkọ́kọ́ bá bàjẹ́, òun nìkan ni ẹ̀rí tó kù. Ẹrẹ̀ òkun ń rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ògì ti ń rọ̀ sílẹ̀ nínú ìkòkò, nítorí náà ohun tó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá ló dàgbà jù, ohun tó wà lókè ni àbíkẹ́yìn. Bí a bá ń kà á láti òkè lọ sísàlẹ̀, ayé àtijọ́ ni à ń padà sí.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ẹrẹ̀ náà wà láàyè. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ń gbé inú rẹ̀, wọ́n ń jẹ òkú ẹja àti ewé òkun. Lókè pátápátá, atẹ́gùn inú omi ni wọ́n fi ń mí. Bí a bá wọlẹ̀ díẹ̀, atẹ́gùn á tán, irin tó dípẹtà ni wọ́n á wá máa fi mí. Bí ìyẹn náà bá tán, imí ọjọ́ tó wà nínú iyọ̀ òkun ló kàn. Bí ẹni tó jẹ ẹran tán ni, tó jẹ iṣu tán, tó wá ń họ ìdí ìkòkò. Ibi tí wọ́n ti ń họ ìdí ìkòkò yìí ni òórùn ẹyin tó bàjẹ́ ti ń jáde, ibẹ̀ náà sì ni irin àti imí ọjọ́ ti ń para pọ̀ di dúdú kirikiri. Bí atẹ́gùn bá kan dúdú yẹn pẹ́nrẹ́n, á di àwọ̀ ìpẹtà, ohun tó fẹ́ sọ fún wa á sì bá a lọ.

Mo mọ gbogbo èyí. Mo ti kà á nínú ìwé, mo ti kọ ọ́ nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n ní yunifásítì nílé, òkúta ni wọ́n fi kọ́ wa. Àwọn òkè Savalou ni a máa ń gùn pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́, òkúta kì í sì í bàjẹ́ bí o bá gbàgbé rẹ̀ sínú oòrùn. Orí mi mọ ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò mọ̀ ọ́n. Gbodo ni ọwọ́ mi mọ̀.

Gbodo ni iṣẹ́ ìyá mi. Ó ń bẹ iṣu, ó ń rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, ó ń sá a sórí àpáta títí á fi gbẹ, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ di èlùbọ́. Mi ò tíì mọ ìwé kà tí mo ti ń bá a sá a. Òfin kan wà nínú iṣẹ́ yẹn tí kò ní àforíjì: ohun tútù kò gbọdọ̀ sùn nínú ọ̀rá. Bí a bá rí ìkán omi lára ọ̀rá tí a kó gbodo sí, bí òkèlè bá wà lẹ́nu wa, a ó dìde, a ó tú u síta kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á ti bu kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ ni ìyá mi ń pè mí. Ẹ̀gbọ́n mi Bóníífásì ló ń bá a di fóònù mú, torí ó máa ń fi etí pa á.

“Iṣẹ́ wo gan-an lo ń ṣe níbẹ̀?” ó béèrè nígbà kan. “Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń bi mí, mi ò rí nǹkan fi dá wọn lóhùn.”

“Ẹrẹ̀ ni mo ń tọ́jú, Màmá.”

“Ẹrẹ̀?”

“Ẹrẹ̀ òkun.”

Mo ń gbọ́ àwọn ewúrẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

“Àà bọ̀n, ṣé bẹ́ẹ̀ ni,” ó ní. “Ẹrẹ̀ tiwa tó kún ojúde níbí ńkọ́, ta ni wọ́n gbà síṣẹ́ lórí tiẹ̀?”

Bóníífásì rẹ́rìn-ín títí fóònù fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mi ò ní purọ́ pé ó dùn lójoojúmọ́. Ọjọ́ Àìkú ló máa ń le jù. Nílé, láti àárọ̀ ni aṣọ funfun ìyá mi á ti máa fẹ́ lórí okùn, àwọn ìjọ Kátólíìkì á máa lu agogo tiwọn níhà kejì, gbogbo ẹni tó bá kọjá ló ń pè ọ́ lórúkọ. Ní Brest, mo lè lò láti ọjọ́ Ẹtì dé ọjọ́ Ajé láìgbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ mi. Ó tó ìgbà tí mo ń pe ara mi lórúkọ nígbà tí mo bá ń fọ abọ́, tí mo sì ń dáhùn. Nígbà tí Savalou ń ṣe ọdún iṣu lóṣù kẹjọ, mo wá iṣu jákèjádò ìlú, mo rí ẹyọ kan ṣoṣo nínú ṣọ́ọ̀bù kan, ó rù bí ìka ọwọ́. Mo sè é, mo gbé ìdajì fún Erwan. Ó jẹ ẹ́, ó ronú, ó ní ọ̀dùnkún ni, àmọ́ pé ọ̀dùnkún tó ní ìwà ọmọlúàbí. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sọ “ẹ kú iṣẹ́.” Láti ọjọ́ náà, òun ló ń kọ́kọ́ kí mi láràárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ẹni tó ń bú ènìyàn ló ṣe ń pè é.

Nígbà tó di oṣù kọkànlá, Màdámù Solange pè mí sí yàrá rẹ̀. Ìwé iṣẹ́ mi máa parí pẹ̀lú ọdún. Ó ní àyè ẹnì kan ṣoṣo ló wà fún ọdún tó ń bọ̀, àwọn mìíràn sì ti ń béèrè rẹ̀.

“Ọ̀pá kan wà tí wọ́n fà jáde nínú òkun níwájú Kútọnú,” ó ní. “Erwan á là á, ìwọ nìkan lo máa ṣe ìyókù. Mo fẹ́ mọ imí ọjọ́ inú rẹ̀. Bí o bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, màá kọ lẹ́tà kí wọ́n jẹ́ kí o dúró. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wàá padà sílé níparí oṣù tó ń bọ̀.”

Níwájú Kútọnú! Mi ò rí oorun sùn. Ẹ wò ó, odò Zou ń gba apá ọ̀dọ̀ wa kọjá, ó ń lọ bá odò Ouémé, Ouémé sì ń lọ sí òkun. Gbogbo ilẹ̀ pupa tí òjò ń gbá kúrò nínú oko wa ní ọdọọdún, ibẹ̀ ló ń forí lé. Ìyá mi kò rí òkun rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n oko rẹ̀ ti débẹ̀ ṣáájú gbogbo wa. Mo ti ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé mo fi ilé sílẹ̀ pátápátá. Lọ́sẹ̀ yẹn, ó ń ṣe mí bíi pé ilé ló wá bá mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, Erwan la ọ̀pá náà. Ó dúdú láti òkè délẹ̀, ó sì ń rùn burúkú. Erwan wé ìdajì kan, ó gbé e lọ sí fírígò, ó kí mi pé ó dọjọ́ Ajé. Mo wé ìdajì tèmi, mo fi í sílẹ̀ lórí tábìlì, mo lọ fọwọ́. Nígbà tí mo padà, yàrá ti móoru, ìkán omi sì ti yọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lábẹ́ ọ̀rá.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, orí mi kò sí níbẹ̀ rárá. Ọwọ́ mi ló ṣe é. Mo tú ọ̀rá kúrò, mo ṣí fèrèsé, mo yí tábìlì kó dojú kọ afẹ́fẹ́, mo tan fáànù sí i. Mo tilẹ̀ ń kọrin. Mo ti ilẹ̀kùn, mo lọ sílé pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀ bíi ti ọmọ tó ti sá gbodo ìyá rẹ̀ tán kó tó lọ ṣeré.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo ṣí ilẹ̀kùn. Ẹrẹ̀ dúdú mi ti di àwọ̀ kòkó. Ìgbà yẹn ni orí mi tó dé bá ọwọ́ mi. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Erwan bá mi níbẹ̀. Ó wo fèrèsé, ó wo fáànù, ó wo èmi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, gbodo, ìkán omi, ìyá mi. Ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀.

“Gbọ́,” ó ní. “Màá sọ pé èmi ni mo gbàgbé rẹ̀ síta. Mo ń fẹ̀yìn tì ní oṣù tó ń bọ̀, kí ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe? Ìwọ ṣì ní ọ̀nà láti rìn.”

“Ẹ fẹ́ fi orúkọ yín bo tèmi?”

“Orúkọ mi ti gbó. Lò ó.”

Mo fẹ́ gbà. Kí n sọ òótọ́, ẹnu mi ti là láti sọ pé ẹ ṣeun. Mo rí ara mi nínú ọkọ̀ òfuurufú níparí ọdún, mo rí gbogbo Akpassi tó ń béèrè ìdí tí mo fi dé kíákíá. Ṣùgbọ́n àgbà yìí ti fi ọ̀pọ̀ ọdún la ẹrẹ̀ láì ba ọ̀kan jẹ́, ìdọ̀tí tèmi ló sì máa fi kí iṣẹ́ náà pé ó dìgbóṣe? Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Mo dìde, mo nu ojú mi, mo lọ kan ilẹ̀kùn Màdámù.

“Màdámù, mo ti ba ẹrẹ̀ Kútọnú jẹ́.”

Ó tẹ̀ lé mi wá. Mo ṣàlàyé gbodo fún un, mo sì ń gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń dún bí ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ó pa fáànù, ó pa fèrèsé dé, kò pariwo, èyí ló sì burú jù.

“Imí ọjọ́ inú ìdajì yìí ti lọ,” ó sọ níkẹyìn. “Kò sí ẹni tó lè dá a padà. Gba ìwé ọ̀pá náà. Kọ ohun tí o ṣe sínú rẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ, kọ bí ó ṣe rí báyìí láti òkè délẹ̀, kí o sì fọwọ́ sí i.”

Ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé tirẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá máa lo ẹrẹ̀ náà títí ayé ló máa kà á. Mo kọ ọ́ pé: mo ṣí i fún atẹ́gùn láti ọjọ́ Ẹtì dé ọjọ́ Ajé, nítorí mo rò pé ó fẹ́ bu. Omijé mi kán sórí orúkọ mi.

Lẹ́yìn náà, mo fojú sún mọ́ ẹrẹ̀ láti kọ bó ṣe rí. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé kì í ṣe àwọ̀ kan náà. Àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ wà tó pọ́n ju ìyókù lọ, pupa rokoṣo, pupa tí mo mọ̀ láti kékeré, tí kì í kúrò lára aṣọ. Ní ọjọ́ Ẹtì, ohun gbogbo dúdú, kò sí ojú tó lè rí ìlà kankan níbẹ̀. Mo sáré pe Màdámù. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó tẹ orí mọ́ ẹrẹ̀ títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

“Kí lo rò pé ó jẹ́?” ó béèrè.

“Mo rò pé àgbàrá ni. Ọdún tí omi bá kún gan-an, ilẹ̀ oko tó ń gbá wọ òkun á pọ̀, irin á sì pọ̀ nínú rẹ̀.”

“O rò bẹ́ẹ̀. Ìdajì tó wà nínú fírígò á sọ fún wa.”

Ẹ̀rọ kan wà tó lè wo irin inú ẹrẹ̀ láìtú ọ̀rá rẹ̀, ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ ni ó tó máa kàn wá. Mo pe ilé. Mo rò pé ìyá mi á sunkún. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ohùn kan jáde tí mo kọ́kọ́ rò pé fóònù ló ń hó. Ìyá mi ló ń rẹ́rìn-ín.

“O sá a! Bóníífásì, gbọ́ o, àbúrò rẹ sá ẹrẹ̀ òyìnbó bíi gbodo!” Nígbà tó rí èémí mí, ohùn rẹ̀ rọ̀. “Ṣé o sọ fún sẹ́fù rẹ, ọ̀gá yín yẹn, fúnra rẹ?”

“Mo sọ ọ́, Màmá.”

“Kúráàjì, mọ́kàn le. Bọ́mọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Wo iwájú rẹ. A máa gbàdúrà fún ẹ̀rọ yẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì.”

Wọ́n gbàdúrà náà lóòótọ́. Bóníífásì fi ohùn wọn ránṣẹ́ sí mi, odindi ìjọ aláṣọ funfun ní Akpassi ń bẹ Ọlọ́run pé kí ẹ̀rọ Faransé má ṣe purọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, èmi, Erwan àti Màdámù dúró síwájú kọ̀ǹpútà. Ìlà tí ẹ̀rọ ń fà fún irin inú ìdajì kejì ń lọ jẹ́jẹ́, ó ń lọ jẹ́jẹ́, lójijì ó fò sókè ní ibi tí ìlà pupa àkọ́kọ́ wà lára ìdajì tèmi. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó tún fò ní ibi ìkejì. Nígbà tó fò ní ibi ìkẹta, Erwan ké “ẹ kú iṣẹ́!” tó fi jẹ́ pé àwọn ará yàrá kejì yọjú. Mo jó. Nínú ilé ìwádìí, pẹ̀lú bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀, mo jó.

Lọ́jọ́ kejì ni Màdámù Solange gbé àpòòwé kan lé mi lọ́wọ́. Lẹ́tà tó ní òun á kọ ni, wọ́n ti fọwọ́ sí i nísàlẹ̀: wọ́n gbà mí fún ọdún mẹ́ta. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà kejì ni mo tó rí ọjọ́ tó wà lókè rẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni.

“Màdámù, ẹ ṣi ọjọ́ kọ. Àná la rí ìlà irin.”

“Mi ò ṣì í kọ,” ó ní. “Ọjọ́ Ajé ni mo kọ ọ́, kí n tó jẹun ọ̀sán. Ẹ̀rọ lè sọ ohun tó wà nínú ẹrẹ̀ fún mi. Kò lè sọ irú ẹni tí mo ń gbé e lé lọ́wọ́.”

Mo jáde lọ síta, nínú òjò, mo pe ilé.

“Wọ́n ní kí n dúró, Màmá.”

“Ẹ̀rọ gbọ́ àdúrà wa!” Ó ti ń pariwo pe àwọn aládùúgbò.

“Màmá, ẹ fara balẹ̀. Ọjọ́ Ajé ló ti kọ lẹ́tà náà. Lẹ́yìn tí mo jẹ́wọ́ fún un.”

Ó fi àwọn aládùúgbò sílẹ̀.

“Ọjọ́ Ajé? Ẹ̀rọ kò tíì sọ̀rọ̀ nígbà yẹn?”

“Kò tíì sọ̀rọ̀.”

Mo gbọ́ tó gba fóònù lọ́wọ́ Bóníífásì.

“Bá mi kí ìyá yẹn,” ó ní. “Sọ fún un pé ọmọ tí mo bí ló rí.”